Ìborùn Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìyá bàbá mi, Alájà Sàwúdátù, tí à ń pè ní Màmá, bi èmi Rùqáyyà léèrè ohun tí mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì là á yé wọn.

Mo ní kúbíìtì ni nǹkan tíńtín tí irú kọ̀ǹpútà tuntun kan fi ń ṣírò. Bí ooru tàbí ariwo bá kàn án, bí ẹnìkan bá tiẹ̀ yọjú wò ó, ó ti gbàgbé ohun tó mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti wá ìgbà tó yẹ kí a fi ìgbì kékeré gbún un kó tó gbàgbé. Kò sí kúbíìtì ní Krofrom, àdúgbò wa, o. Àfarawé rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi ń ṣe. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni Màmá ò dúró gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ìṣirò wákàtí mẹ́jọ sórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Aago mẹ́rin ni Dókítà Yaw, ọ̀gá mi, fẹ́ gba àbájáde. Bí n kò bá mú un wá, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè mi níbi ìpàdé àwọn onímọ̀. Màmá rán mi lọ ra ẹja ní ọjà Asafo. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fi ìborùn tó nípọn wé kọ̀ǹpútà náà ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì ti ka Áyátúlì Kúrúsíyù, ẹsẹ Kùránì tí a fi ń wá ààbò, sí i. Ó gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ, ó sì ti kú.

"Ẹnikẹ́ni ò wò ó o," ni Màmá wí. "Èmi gan-an ò wò ó."

Inú bí mi gidigidi. Màmá wo ojú mi, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní ká lọ bẹ ọ̀gá. Nílé wa, àgbà ní í bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹni àádọ́rin ọdún.

"Owura, mepa wo kyɛw," ni wọ́n wí, ìyẹn "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," wọ́n sì fi Twi ṣàlàyé pé àwọn làwọn pa kúbíìtì náà, kì í ṣe ọmọ àwọn.

Dókítà Yaw sáré gbé wọn dìde, ó fún mi láyè di ọjọ́ Ajé. Kò béèrè ibi tí mo ti rí kúbíìtì.

Ní Sátidé, mo tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Mo ti ibi ìdáná wọlé, mo bá Màmá tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, ojú wọn dì pinpin.

"Màmá, ẹ lajú. Wíwò ò lè ṣe é ní nǹkan kan."

"Ìwọ náà lo sọ pé kò fẹ́ wíwò," ni wọ́n wí, wọn ò lajú. "Ó kù díẹ̀, àbí?"

Ó ku wákàtí márùn-ún. Ìbínú mi tán pátá. Mo jókòó tì wọ́n, mo gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wọn, èmi náà sì dijú.