Títí Kásẹ́ẹ̀tì Fi Tán

Ìwọ tó fẹ́ ka ìtàn yìí, mo kìlọ̀ fún ọ o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o jókòó síbì kan, kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tí wàá dìde. Má wò ó pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹ̀gbọ́n gan-an ni kí o bi. Bí o kò bá bi í, ìjókòó náà lè bá ọ dọ́jọ́ ogbó, kí àwọn ọ̀mọ̀wé sì máa fi kọ ìwé.

Jẹ́jẹ́ kò bi ẹ̀gbọ́n tirẹ̀.

Aránṣọ ni Jẹ́jẹ́. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò bóyá yóò já. Ẹ̀gbọ́n ni gbajúmọ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń fi kámẹ́rà fídíò ya ìgbéyàwó, ògiri ló ń yà. Ó ya omi tó ń kán látẹnu ẹ̀rọ. Ó ya ìkòkò òfìfo títí àwọn ará ilé fi ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìgbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Ìkòkò òfìfo dohun àpéwò.

Ní báyìí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n àti ìdajì ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń rí sọ lójúmọ́, ó sì ń ṣọ́ ọ ná. Jẹ́jẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ló ń yí i lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lára. Ó ti rẹ Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó tó lọ. Èyí ti wọ egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ wá bi Jẹ́jẹ́ ní ìbéèrè. Nípa iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n tó lókìkí jù ni wọ́n fẹ́ bi í, èyí tí wọ́n ń pè ní *Obìnrin Tó Jókòó*. Nínú rẹ̀, obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú òun fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Kò sọ̀rọ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí a ò fi rí i mọ́. Jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n wí fún wọn?" Ó ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bi í.

Ẹ̀gbọ́n wo àjà pẹ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Má... fi mí... ṣẹ̀sín."

Ó yé Jẹ́jẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò náà.

Kò kúkú le. Lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ti ibi iṣẹ́ òru dé, láti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, láìtíì sùn, ó to kámẹ́rà, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, jókòó síbí. Má dìde o, àfi bí mo bá ní kí o dìde." Ó ní òun ń lọ bu omi mu. Ó wọ yàrá, oorun gbé e lọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì yí títí ó fi tán, ẹ̀rọ ṣe *kọ́*, ó kú. Jẹ́jẹ́ ò dìde. Ẹ̀rọ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde, tó ń nu ojú nínú òkùnkùn, ohun tó sọ ni, "O ṣì wà níbẹ̀?" Kò ní pẹ̀lẹ́. Kò ní kó dìde. Ó wo kásẹ́ẹ̀tì náà, ló bá pariwo ayọ̀, ó ń jó yí ilé ká. Láti ìgbà náà, wọn ò mẹ́nu kàn án mọ́.

Ó wu Jẹ́jẹ́ kó sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Ó kàn ń wù ú kí ẹnì kan mọ̀ pé òun dúró dè é. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ sì wo Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un.

Àwọn onífíìmù dé, àwọn méjì: olùdarí, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú, àti ayàwòrán, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń rìn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga. Wọ́n lẹ wáyà mọ́lẹ̀. Wọ́n há ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré mọ́ Jẹ́jẹ́ láyà. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ arọ tí Ẹ̀gbọ́n jókòó sí lọ sẹ́bàá fèrèsé, lẹ́yìn kámẹ́rà. Iná pupa kan tàn lórí kámẹ́rà náà, Jẹ́jẹ́ ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù," ni ayàwòrán wí. "Kámẹ́rà mi ò léyín."

"Ajá tí ò léyín náà ń gbó," ni Jẹ́jẹ́ fèsì.

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín débi pé kámẹ́rà mì. Olùdarí fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ jókòó síbí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde, àfi tí mo bá ní kí ẹ dìde."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Kò ní pẹ́ rárá."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí náà nìyẹn."

Wọ́n tan fídíò àtijọ́ náà. "Ẹ wo ibí yìí," ni olùdarí wí. "Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dìde, ẹ tún jókòó padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ odindi ìwé lé e lórí. Ó ní ìnira gbogbo obìnrin ayé ló wà níbẹ̀. Kí ló wà lọ́kàn yín?"

Ìtọ̀ ló wà lọ́kàn Jẹ́jẹ́ nígbà náà. Ìtọ̀ nìkan. Ó gbé ẹ̀rín mì.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

"Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ló ronú kàn án?"

"Ilẹ̀ ló ṣú."

Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n yín wà lẹ́yìn kámẹ́rà ní gbogbo àkókò yẹn. Kí ni wọ́n ń sọ fún yín?"

Ibi tí ẹ̀gún wà gan-an ló tẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀bá fèrèsé. Ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n ti di bùláńkẹ́ẹ̀tì mú pinpin. Bí Jẹ́jẹ́ bá ní ó wà níbẹ̀, irọ́ ni. Bó bá ní kò sí níbẹ̀, yẹ̀yẹ́ dé nìyẹn. Ó pa ẹnu dé. Ó jókòó.

Wọ́n dúró. Ojú olùdarí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. "Má pa kámẹ́rà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí ayàwòrán. "Ó tún ń ṣẹlẹ̀."

Ọmọge wà nínú tẹlifíṣọ̀n, àgbàlagbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun Jẹ́jẹ́. Òórùn wáyà tó gbóná kún yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń rẹlẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Kò tíì rí ìjókòó yìí rí, àfi nínú kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Nǹkan kan lu apá kẹ̀kẹ́ gbì. Ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n ni.

"Dì... de."

Gbogbo wọn yíjú.

"Dìde, Jẹ́jẹ́. Oorun... ló gbé mi lọ. Ó ti pẹ́... jù. Dìde."

Jẹ́jẹ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Oorun wo?" Olùdarí ti fò dìde. "Màmá, kí ni wọ́n ń sọ? Ìgbà wo ni wọ́n sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wa."

Jẹ́jẹ́ tú ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà kúrò láyà, ó rọra fi í lé olùdarí lọ́wọ́, bí ẹni tó ń dá abẹ́rẹ́ padà. Ó lọ sídìí kẹ̀kẹ́, ó nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu Ẹ̀gbọ́n, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan péré."

"Wọ́n ní kí n dìde," ni Jẹ́jẹ́ wí, kò yíjú padà. "Mo ti dìde. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu mi."