Agolo Wolé-wolé

Àlàájì Mọ́rúfù ṣí agolo mílíìkì náà, ó da kápúsù inú rẹ̀ sórí tábìlì dókítà. Apá kan pupa, apá kejì ní àwọ̀ ìyeyè.

“Ẹ ní kí n sọ oògùn tí ọmọ mi ń lò. Òun nìyí. Bí inú bá ti run ún, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Láti kékeré ni.”

Mùjídàt, ọmọ rẹ̀, tẹjú mọ́lẹ̀. Oṣù kẹrin rèé tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀. Báyìí náà ni ti Ràmọ́tà, ìyá rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sin ín sí Ayépé lọ́dún tó kọjá.

“Ta ló kọ ọ́ fún wọn, sà?” Dókítà Hafeezah béèrè. Ọmọdé ni lójú Àlàájì.

“Wolé-wolé ni mí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe.”

Dókítà rọra kó kápúsù náà padà sínú agolo.

“Bàbá, ìfun ọmọ yín ló wú, ó ti di egbò. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ìfun tó jẹ́ pé tiwa ni wọ́n ń ṣe. Èyí tí a ò lè dà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àwọn ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń ti ara wọn jáde ló ń bọ́ ìfun, òun náà ló ń pẹ̀tù sí i kó má baà wú. Kápúsù yìí kì í yan ẹni tó ń pa.”

“Èmi ni mo fà á nìyẹn?”

“Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tó ń fa àìsàn yìí pọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n kápúsù yìí kò ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ó kọ oògùn mìíràn. “Ẹ jẹ́ kí tinú agolo yìí tó o.”

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Ayépé, Mùjídàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàámi, ẹ rántí àpò ẹ̀gẹ́ Màámi tẹ́ ẹ fi Ísáàlì fọ̀?”

Àlàájì rántí. Bí Ràmọ́tà bá rin ẹ̀gẹ́, á fi í sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́rin kó lè kan dáadáa kó tó yan án. Òórùn rẹ̀ ń bí òun nínú, lòun bá fi Ísáàlì apakòkòrò fọ gbogbo àpò náà. Gààrí ọ̀sẹ̀ yẹn ò kan. Àwọn oníbàárà dá a padà: ṣé gààrí Ìjẹ̀bú lèyí? Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín títí ó fi tún ìró ró. “Bàbá Mùjí, ẹ ti lé àwọn alágbàṣe mi lọ!” Òun ò rẹ́rìn-ín.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe tó máa ń pa fáwọn obìnrin tí àmù wọn bá dọ̀tí nìyẹn. Lónìí, kò pa á síta.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sẹ́yìn ilé, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí run Mùjídàt. Ó ká jọ lórí ẹní. Ọwọ́ Àlàájì ti wà lórí ìdérí agolo kó tó rántí ọ̀rọ̀ dókítà.

“Ṣé ìyá rẹ máa ń gbé kápúsù yìí mì?”

“Wọ́n ń gbé e mì. Wọ́n mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kí èmi náà máa gbé e mì, torí bẹ́ ẹ bá ti rí i pé a gbé e mì, ẹ máa ń lè sùn.”

Ó gbé agolo sílẹ̀. Ní gbogbo àìsàn Ràmọ́tà, á fún un ní méjì, á bu omi fún un, á sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jókòó tì í rí títí ìrora fi kọjá.

Ó rọra fìdí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Orúnkún rẹ̀ ké. Kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Mùjídàt na ọwọ́ tó ti làágùn, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

“Wolé-wolé, ẹ ò ní lọ fọwọ́ ni?”

“Ó di ọ̀la.”

Ìrora náà pẹ́ kó tó lọ.