Ẹ̀wà Inú Jẹ́lì

Ìgò kẹrìnlá ni Màmá Láàbù ń dà nù nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ó da ìgò náà dorí kodò, ó gbá a nídìí, jẹ́lì inú rẹ̀ sì yọ̀ jáde sínú garawa pẹ̀lú ẹ̀wà kan ṣoṣo láàárín rẹ̀. Ẹ̀wà náà wú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò là, kò yọ gbòǹgbò, kò yọ ewé. Bí ìkẹtàlá ṣe rí nìyẹn. Bí ìkejìlá náà ṣe rí nìyẹn.

Ó ti ẹ̀rọ omi pa, ó sì gbé àwọn ìgò tó kù lọ sójú fèrèsé.

Ohun tó mú kí wọ́n máa gbin ẹ̀wà iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì sínú jẹ́lì dípò iyẹ̀pẹ̀ ni pé ojú ń ríran kọjá nínú rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ á bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá po ìyẹ̀fun jẹ́lì mọ́ omi gbígbóná, tí wọ́n dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tó tutù tó sì dì, ọmọ ilé-ìwé á lè máa wo gbòǹgbò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, á sì máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lára ìgò. Màmá Láàbù ló máa ń pò ó. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń tọ́jú láàbù, yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé náà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìwé tí àwọn tíṣà bá gbàgbé sórí tábìlì ló fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Ìgò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ èyí tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó hù.

Ibẹ̀ ni tíṣà bàọ́lọ́jì bá a. Ìdì ìwé wà lábíyá rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti máàkì tán! Ọgọ́ta ló yege. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fún ní òdo."

"Ta ni?"

"Akọ̀wé ni." Orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì fún ọmọbìnrin náà nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. "Ẹ wo ohun tó kọ. Ọ̀lẹ gbáà! Kò tilẹ̀ débí wá wo ìgò rẹ̀."

Màmá Láàbù nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí nǹkan. Mo gbé ìgò sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ọjọ́ keje, ohun funfun kan bí òwú hù létí jẹ́lì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wà. Ọjọ́ kẹwàá, kò sí nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀wà náà ti kú kí a tó gbìn ín.

Tíṣà ti fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ta ló pa á?

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ni Màmá Láàbù bèèrè.

"Gbòǹgbò tiwọn gùn tó sẹ̀ntímítà mẹ́jọ."

"Gbogbo wọn? Mẹ́jọ géérégé?"

"Gbogbo wọn. Kí ló dé?"

Màmá Láàbù nawọ́ sí ojú fèrèsé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó mú òmíràn. Nígbà tó dé orí ìkẹwàá, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí lẹ ṣe sí ẹ̀wà yìí?"

"Kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, tíṣà. Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n jáde, wọ́n ń rìn kiri inú jẹ́lì, ẹ sì bínú sí mi. Òjò ò jẹ́ kí n rí oòrùn sá a sí. Ni mo bá kó o sínú ófìn tá a fi ń mú ìgò gbẹ. Wákàtí kan péré."

"Iná rẹ̀ tó mélòó?"

"Ọgọ́rin dígírì."

"Ẹ yan án!" Tíṣà ká ọwọ́ lérí. "Ẹ bá mi yan irúgbìn, Màmá. Ó kù kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i."

Màmá Láàbù ò rí ẹ̀rín rín. Lọ́jọ́ tó kó ẹ̀wà náà jáde nínú ófìn, tí kò rí kòkòrò kan ṣoṣo tó ń mira, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ bó ṣe ṣe é sínú ìwé, kó má baà gbàgbé.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ló wí. "Mo máa wá ẹ̀wà tuntun lónìí."

"Ọjọ́ mẹ́wàá ló ń gbà, ọ̀la ni máàkì ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ìdánwò. Inú àpò ìwé kan náà ni ti gbogbo kíláàsì ń wọ̀. Bí mo bá sọ pé ẹ̀wà ò hù, wọ́n á bi mí níbi tí ọgọ́ta ọmọ ti rí sẹ̀ntímítà mẹ́jọ. Wọ́n á fagi lé gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ṣèdánwò àṣekágbá nínú wọn."

"Bí òdo Akọ̀wé bá dúró bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Òun nìkan ni kò ní ṣe é." Tíṣà jókòó sórí àpótí. "Ẹ bá mi pè é. Ó máa ń gbọ́ tiyín. Kó tún un kọ, kó bá ti ẹgbẹ́ ẹ̀ mu. Mo máa wá gbà á láago méjì."

Àkókò ìsinmi ni Akọ̀wé dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, "Akọ̀wé òkú ẹ̀wà! Ìgbà wo ni ìsìnkú?" Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Ẹ káàsán, mà." Ojú rẹ̀ ti lọ sára àwọn ìgò. Ó wò wọ́n títí dé ìparí. "Háà. Kò sí èyí tó hù? Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá wo tèmi nìkan, mà. Mo tilẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀."

"Kí lò ń sọ fún un?"

"Mo ní kó jọ̀ọ́."

Màmá Láàbù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ mi ni." Ó sọ ọ̀rọ̀ ófìn fún un, àti bí ooru ṣe wọ inú ẹ̀wà lọ, tó pa ọmọ kékeré tó ń sùn láàárín ìlàjì méjèèjì.

"Òótọ́ ni mo kọ nígbà náà!" Ojú ọmọ náà tàn. "Ṣé ẹ ti sọ fún tíṣà?"

"Mo ti sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

Màmá Láàbù ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú ìwé tuntun jáde. "Wọ́n ní kó o tún un kọ. Pé ó hù."

Akọ̀wé ò fọwọ́ kan ìwé náà. "Màmá, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ tèmi pé ẹ̀yin lẹ yan án. Kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Wọ́n á gbà yín gbọ́."

Màmá Láàbù ti mú bírò. Bó bá ṣe pé iṣẹ́ tòun nìkan ló máa bá a lọ ni, ì bá kọ ọ́. Ó tún gbé bírò sílẹ̀.

"Inú àpò ìwé kan náà ni gbogbo yín wà. Bí mo bá buwọ́ lù ú, ti ẹ̀yin mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n máa dà nù. Tìrẹ náà wà níbẹ̀."

"Tèmi tó jẹ́ òótọ́?"

"Tìrẹ tó jẹ́ òótọ́."

Ọmọ náà jókòó. Ó fa ìwé tuntun náà sọ́dọ̀. "Mi ò mọ bó ṣe ń hù, mà. Mi ò rí i rí."

Màmá Láàbù fa àpótí sún mọ́ ọn. Kò lè pe sẹ̀ntímítà mẹ́jọ yẹn fún un lásán. "Ọjọ́ kejì, ẹ̀wà á wú, awọ rẹ̀ á hunjọ. Ọjọ́ kẹta, awọ á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbòǹgbò á yọjú. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ jáde. Kódà bó o bá dorí ẹ̀wà kodò, á yí ara rẹ̀ po, á máa wá ìsàlẹ̀ lọ."

"Báwo ló ṣe mọ ìsàlẹ̀?"

"Ohun tí èmi náà bèèrè nìyẹn! Wọ́n ní àwọn hóró wíwúwo kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀, tí wọ́n máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí òkúta nínú àpò. Kọ ọ́. Ọjọ́ kẹfà, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀, á máa fi ọrùn yẹn tì lọ sókè, á wá fa ewé tẹ̀ lé ara rẹ̀. Kì í fi orí gún jẹ́lì, kí ewé má baà ya."

Akọ̀wé ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Ì bá wù mí kí n rí i, mà."

Láago méjì, tíṣà wọlé. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, ó sì dúró lójú kan. Ó tú ìdì abẹ́ apá rẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo òmíràn, ó wo ẹ̀kẹta.

"Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ yọ?"

"Bó ṣe ń rí nìyẹn, tíṣà," ni Màmá Láàbù wí.

"Mo mọ bó ṣe ń rí, Màmá. Ewé ni gbogbo àwọn yòókù kọ ṣáájú. Ara wọn ni wọ́n wò kọ, mi ò sì kíyè sí i." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí àjọ bá rí tirẹ̀ láàárín ọgọ́ta yìí, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni ti àwọn yòókù."

Kò wo ojú ẹnì kankan nínú wọn. Ó rọra gbé ìwé náà síwájú ọmọ náà. "Yí ibẹ̀ yẹn padà, ọmọ mi. Ìlà méjì péré ni."

Akọ̀wé wo Màmá Láàbù. Màmá Láàbù wo àwọn ìgò ojú fèrèsé. Ọmọ náà fi bírò lé ìlà àkọ́kọ́ kó lè fagi lé e.

"Má fagi lé e," ni Màmá Láàbù wá sọ, "á hàn." Ó tún mú ìwé mìíràn jáde fún un.

"Ọjọ́ kẹta," ni Akọ̀wé ń sọ lábẹ́ ẹnu bó ṣe ń kọ ọ́, "ewé méjì yọ." Ó gbé orí sókè. "Gbòǹgbò ńkọ́, mà? Ọjọ́ wo ni kó yọ?"

"Ọjọ́ tó bá wù ọ́," ni Màmá Láàbù wí.