Ojú Avice Lára Pákó

Thomasin kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dènà de Hamond, bàbá tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn, lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí ìyẹn ṣe mú ọ̀bẹ dání tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Joan, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ ha ojú àwọn ẹni mímọ́ dànù?"

"Èmi kọ́ o, ìyá Avice, ọba ni. Wọ́n ní òrìṣà ni gbogbo àwòrán ẹni mímọ́. Àwọn tó ń yẹ ṣọ́ọ̀ṣì wò ń bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá bá ojú kan péré, ẹ̀wọ̀n yá fún èmi nìyẹn."

Ọmọdé lọba lọ́dún náà, kò tíì bímọ, kò tíì sìnkú ọmọ. Òun náà ló wá ń pàṣẹ fún abiyamọ.

Ògiri pákó gàgàrà kan ló pín ibi tí ìjọ ń dúró sí níyà kúrò níbi pẹpẹ, wọ́n sì ya àwọn ẹni mímọ́ tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kálukú lórí pákó tirẹ̀. Nígbà tí Avice, ọmọ kan ṣoṣo tí Thomasin bí, kú, ìyá kó gbogbo irun àgùntàn tó yẹ kó tà lé ayàwòrán lọ́wọ́, pé kó fi ojú ọmọ náà ya Agnẹsi Mímọ́. Ayàwòrán ò rí ọmọ náà rí. Ìyá ń júwe, ó ń sunkún, ìyẹn ń yà á, títí obìnrin náà fi pariwo pé, "Òun nìyẹn!" Láti ìgbà náà ló ti ń tan àbẹ́là síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé pákó tèmi lọ sílé."

"Ilé yín ni wọ́n á kọ́kọ́ tú! Ta ni ò mọ̀ yín mọ́ ọn?"

"Ó dáa, ẹ mú ọ̀bẹ yẹn wá. Bí ẹni ń ha awọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ máa ṣe é. Èmi ni màá ha tèmi."

Hamond fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ó fún un lọ́bẹ.

Láti àgbọ̀n àwòrán náà ni Thomasin ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó kan ẹyinjú, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi," ó sì hà á.

"Ẹ mọ́kàn le," Hamond wí. "Ojú ẹ̀ ṣì wà lọ́kàn yín. Ọba wo ló máa ha ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú. Nígbà tó délé, ó jókòó ti iná, ó pajú dé kó lè rí ọmọ rẹ̀. Ojú tí ayàwòrán yà ló wá, tòun ti wúrà tó yí orí rẹ̀ ká. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ojú tó ti wà kó tó di ti pákó, ojú tó máa ń fún pọ̀ bó bá fẹ́ sunkún. Ó wá a títí iná fi kú. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù. Ọjọ́ náà gan-an ni Avice ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.