Èdè Méjì Ti Tó Ọmọ

Nígbà tí Tìrìmísíyù gbọ́ pé ìyàwó òun ń ka orí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣubú, ṣé àgùntàn Iléyá lo fẹ́ rà ni? Ò ń ka orí ọmọ olọ́mọ kiri Dublin!"

Tìrìmísíyù lè rẹ́rìn-ín. Takisí ló ń wà ní tirẹ̀, òun kọ́ ló ń wá ilé ẹ̀kọ́ fún Ikram, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó pé ọdún mẹ́ta ní ọdún 2005. Ṣubúọlá ìyàwó rẹ̀ ló ń wá a, kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Phibsborough ni wọ́n ń gbé nígbà náà, nínú fúláàtì oníyàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni Ireland dùn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárọ̀ á rí òmíràn kílẹ̀ tó ṣú, ibi téèyàn bá sì yíjú sí, ilé ni wọ́n ń kọ́. Ṣubúọlá ń dáhùn tẹlifóònù ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Citywest. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àyè ọ̀gá ṣófo, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì lo ọdún kan ni wọ́n gbé e fún, nítorí pé ó gbọ́ èdè Sípéènì. Ọ̀rọ̀ náà ká Ṣubúọlá lára gan-an. Ó pinnu pé ohun tó ré òun kọjá kò ní ré ọmọ òun kọjá.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ìyá wo ni kò fẹ́ kí ọmọ òun ju òun lọ?

Jẹ́léósinmi méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èyí tó sún mọ́lé ni ti Àlàájà Rafiat, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ mẹ́tàlá ló wà nínú pálọ̀ rẹ̀, mọ́kànlá nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń ja ìjà ohun ìṣeré.

"Àlàájà, ibí dáa o," Ṣubúọlá sọ, ojú rẹ̀ ń yí káàkiri. "Problem ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa ti pọ̀ jù. Mi ò lè kúrò ní Ìwó wá síbí, kí ọmọ mi tún máa bá ọmọ Ìwó ṣeré."

Inú Àlàájà ò bàjẹ́. "Wo àwọn ọmọ Irish méjì náà lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ń jẹ ata. They're grand, kò sí ohun tó ṣe wọ́n."

Ìkejì wà ní òdìkejì odò, bọ́ọ̀sì méjì gbáko láti Phibsborough. Obìnrin ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Pilar ló ni ín. Láti àárọ̀ títí dọ̀sán, èdè Sípéènì nìkan ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀: òun ni wọ́n fi ń kọrin, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ tọ̀. Ṣubúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka orí mẹ́rìnlá. Funfun ni gbogbo wọn, àfi ọmọ ará Íńdíà kan. Ó tún un kà. Ẹlòmíì ì bá bẹ̀rù pé ọmọ òun nìkan ni yóò dúdú láàárín wọn. Inú ti Ṣubúọlá dùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ikram fi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Pilar láìsí ẹni tó rán an. "Ẹ káàárọ̀ mà."

Màámi ló kọ́ ọ. Màámi ni ìyá Ṣubúọlá, ó ti Ìwó wá bá wọn gbé fún oṣù mẹ́fà láti bá wọn tọ́jú ọmọ. Pilar náà bá kúnlẹ̀, ó dojú kọ ọmọ náà, ó ń gbìyànjú láti dá a lóhùn. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ yíjú wò wọ́n. Ara Ṣubúọlá gbóná, ó fa ọmọ rẹ̀ lápá.

"Stand up jàre!"

Pilar béèrè èdè tó jẹ́. Ó ní ó dára púpọ̀, pé ọmọ tó bá ti gbọ́ èdè kan dáadáa nílé, kò ní pẹ́ gbọ́ òmíràn. Ó ní òun ń wá àwọn ọmọ tó ti ibòmíràn wá, kí ilé ẹ̀kọ́ òun má baà jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo. Ìyá àgbà ọmọ náà lè wá kọrin fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ṣubúọlá ń mi orí. Lójú tirẹ̀, ọ̀yàyà òyìnbó ni, irú èyí tí wọ́n fi ń pe ọbẹ̀ tí wọn ò lè gbé mì ní "lovely." Ó gbà pé ahọ́n ọmọ kékeré kò lè ru ẹrù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, tó kan ibi tí wọ́n ti béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nílé, ó kọ English síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màámi ń ṣa ẹ̀wà nínú tíréè, ó ń ki Ikram ní oríkì, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣubúọlá jókòó tì wọ́n.

"Màámi, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Ikram máa bẹ̀rẹ̀ school lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Spanish ni wọ́n máa máa fi kọ́ ọ. English náà wà ńlẹ̀. Èdè méjì ti tó ọmọ mà. Ẹ jẹ́ ká dá Yorùbá dúró ná, kó má confuse ẹ̀."

Ọwọ́ Màámi dúró lórí ẹ̀wà. "Títí di ìgbà wo?"

"Fún ìgbà díẹ̀ ni mà."

"Kí ni kí èmi wá máa bá a sọ?"

"Ẹ máa sọ English díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ ń gbìyànjú mà."

Ì bá sàn kí Màámi jà. Kò jà. "Ìwọ lo bí i," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Gbogbo òyìnbó Màámi kò ju "come" àti "eat" àti "sorry" àti "thank you" lọ. Òun ló fi tọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́rin tó kù. Tó bá ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, ìró omi nìkan lèèyàn ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Ṣubúọlá fẹ́ gbé ife sínú press, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì, ó gbọ́ tí Ikram ń sọ ní pálọ̀ pé, "Màmá àgbà, ẹ pàlọ́ fún mi."

"Sorry," Màámi dáhùn. Ọmọ náà tún bẹ̀ ẹ́. "Sorry, sorry."

Ife wà lọ́wọ́ Ṣubúọlá. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó wọ pálọ̀, kó ní, "Màámi, ẹ pa á." Kò wọlé. Nígbà tí ìwé Pilar dé pé kí ìyá àgbà wá kọrin lọ́jọ́ Jímọ̀, inú bọ́ọ̀sì ló ti kà á, inú bọ́ọ̀sì náà ló fi í sílẹ̀ sí. Ó sọ fún Pilar pé òtútù mú ìyá òun.

Ikram náà kò dójú tì í. Kí oṣù mélòó kan tó pé, ó ti ń fi Sípéènì ka àtẹ̀gùn ilé wọn bó ṣe ń gùn ún, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí oṣù mẹ́fà Màámi pé, wọ́n sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Ó gbá ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. "Thank you," ó sọ fún un, bí àlejò tó ń dágbére fún onílé.

Ní ọdún 2007, wọ́n ra ilé sí Adamstown, Ikram sì bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà. Ṣubúọlá tún kà á, ìwà ò kúkú ṣeé fi sílẹ̀: nínú ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlógún jẹ́ ọmọ wa. Tìrìmísíyù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó ń sọ Sípéènì níbẹ̀. Kó tó di ọdún tuntun, ó ti jò tán lórí Ikram bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Yorùbá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Òyìnbó Dublin nìkan ló kù. Nígbà tí Ṣubúọlá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá sí i, tó ní "wá jẹun, ọmọ mi," ọmọ náà dá a lóhùn pé, "Mammy, talk properly."

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ṣubúọlá máa ń dá sunkún nínú bọ́ọ̀sì Citywest. Sípéènì tó lọ kò dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹnu òun lòun fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá òun, àti pé ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìwó báyìí, kò sì sí ohun tí ìyá náà àti Ikram lè bá ara wọn sọ ju "hi" àti "bye" lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ní oṣù kẹta ọdún 2008, Màámi pè. Ohùn rẹ̀ ti tínrín.

"Gbé fóònù fún ọmọ mi."

Ṣubúọlá tẹ ibi tí gbogbo ilé yóò ti gbọ́ ọ, ó gbé e síwájú Ikram.

"Hi, Granny."

Màámi wúkọ́, ó gba ohùn rẹ̀ padà. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe òyìnbó.

"Buenos días, mi niña. ¿Cómo estás?" Ó mí kanlẹ̀. "Uno, dos, tres, cuatro..." Ó kà á dé mẹ́wàá, kò fo ọ̀kan.

Ikram yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mammy, what's Granny saying? Is that Yoruba?"

Ṣubúọlá gba fóònù náà padà.

"Ṣubú, ṣé ó gbọ́ mi?" Màámi ń béèrè. "Àbúrò rẹ Tàjùdéèn ló bá mi wá ìwé Sípéènì. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ́ ọ lórí ibùsùn. Ṣé mo pè é dáadáa?"

"Ẹ pè é dáadáa mà."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní... ó ní ẹ ṣeun mà."

Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Ṣubúọlá kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méjì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fóònù wà létí ọmọ náà, òun fẹ́ tún un kà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ rìn. Ikram ti padà sídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, Ṣubúọlá nìkan ló di fóònù mú, kò sì lẹ́nu láti dá a dúró.