Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Sọ "Ẹ" fún Àbúrò

3.

…ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kì í ṣe òun.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, "o" ló ń sọ fún mi. *O ti jẹun? Kí lò ń wò? O ò gbọ́ ni?* Tí inú bá bí i tán, á ní "ìwọ yìí." Kò sọ "ẹ" fún mi rí. Kò tiẹ̀ sọ ọ́ nínú àwàdà.

Àná ló kọ ọ́ sí mi:

*Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ti jẹun?*

(Èmi, "ẹ" ni mo ń sọ fún un, "wọ́n" ni mo sì ń pè é lẹ́yìn. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, "ó" ni mo lò, kí ẹ má bàa rò pé èèyàn méjì ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá rí i.)

4.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mò ń tẹ̀wé. Èmi ni mò ń ka ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí n fi bírò pupa fa àṣìṣe jáde. Ìwé inú páálí oògùn. Káàdì ìgbéyàwó. Kàlẹ́ńdà. Ìfura ni mo fi ń jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù. Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí ìpè kò wọlé sí i mọ́. Géèmù kan ṣoṣo ló ń rá pálá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Géèmù náà ń jẹ́ Afárá. Èèyàn méjì ló ń gbá a. Ọ̀kan wà ní etí odò níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún. Kálukú ń gbé pákó kan kalẹ̀ lójúmọ́, wọ́n sì lè kọ ọ̀rọ̀ síra wọn. Bí ẹnì kan bá fi ọjọ́ méje sílẹ̀ láìgbé pákó, afárá á wó.

Afárá tiwa kò tíì wó. Ohun tí ọkàn màmá wa fi balẹ̀ nìyẹn.

5.

Ọ̀rọ̀ tó kọ kí wọ́n tó tún géèmù náà ṣe. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

iya asise o ti jeun?

pako re ti n ye. se o n sun ni

so fun mama pe mo sanra

so fun mama pe iro ni mo pa mi o sanra

iya asise wo o boya asise wa ninu eleyii

Ìyá Àṣìṣe ni orúkọ tó sọ mí nínú géèmù, Ọ̀gá Pákó ló sọ ara rẹ̀. Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan rí láyé rẹ̀. Mo máa ń bá a jà sí i.

6.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO Ẹ̀YIN OLÓLÙFẸ́ AFÁRÁ

A ti tún ojú géèmù yín ṣe!

ÌDÁHÙN KÍÁ. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu láti kọ̀wé mọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ọ̀rọ̀ tó dára á lọ.

ỌWỌ́ KEJÌ. Bí ọwọ́ yín bá dí, a ó máa bá yín gbé pákó, a ó sì máa bá yín dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn. A ti ṣí i fún yín.

A ti yọ àmì tó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ohun tí ẹ kọ àti ohun tí a bá yín kọ, kí ojú ìwé lè mọ́ tónítóní.

Ẹ máa gbádùn ara yín!

7.

"A ti ṣí i fún yín."

Ta ló rán yín?

8.

Ohun tí àwọn tó ń gbá a kọ sábẹ́ ìkéde yẹn:

— Ibo lẹ gbé àkójọ ọ̀rẹ́ mi sí? Mo wá a títí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.

— Bọ́tìnì tó wà lọ́tùn-ún ti wà lósì. Èmi tí mo fẹ́ gbé pákó, mo ti lé ọ̀rẹ́ mi kúrò.

— Ẹ dá tàtijọ́ padà! Ẹ dá a padà!

— Ẹni tí mò ń bá gbá a ti kú láti oṣù tó kọjá. Lánàá ó kí mi kú iṣẹ́.

Mo padà lọ wo èyí tó kẹ́yìn yẹn ní ọ̀sán. Wọ́n ti pa á rẹ́.

10.

(Ẹ̀kẹsàn-án kò sí. Mo kọ ọ́, mo sì fi bírò pupa fà á.)

Mo gbé fóònù fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Bàbá Ẹ̀rọ la ń pè é.

BÀBÁ Ẹ̀RỌ: Kí ló wá burú níbẹ̀? Ó kí ọ dáadáa.

ÈMI: "Ẹ" ni wọ́n sọ fún mi, sà.

BÀBÁ Ẹ̀RỌ: Ṣé o ṣẹ̀ ẹ́ ni?

ÈMI: Rárá, sà.

BÀBÁ Ẹ̀RỌ: Rò ó dáadáa. Ọjọ́ tí ìyá mi bá ti sọ fún mi pé "ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," mo ti mọ̀ pé mo dáràn.

11.

MÀMÁ: Kà á sí mi létí.

ÈMI: "Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ti jẹun?"

MÀMÁ: Èmi àti ìwọ ló ń bi. Ṣé ẹni méjì ló fẹ́ máa sọ "o" fún?

ÈMI: Màmá, kì í ṣe—

MÀMÁ: Dá a lóhùn pé a ti jẹun, jàre.

12.

"Ẹ" lè jẹ́:

gbogbo ilé.

ìbínú.

Ìdáhùn Kíá: òun fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnì, torí ọkọ̀ ń mì, kò sì ráyè kọ̀wé.

Ọwọ́ Kejì: kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan.

Lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ti ka ìwé fún ọdún mọ́kànlá, mi ò rí lẹ́tà tó dà mí láàmú tó báyìí rí.

13.

*Ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú Ẹ̀ka Ìrànlọ́wọ́ Afárá*

ÈMI: Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ń dá mi lóhùn.

ÌRÀNLỌ́WỌ́: Ẹ kú iṣẹ́! Inú wa dùn pé ẹ kàn sí wa. Àwọn mélòó ni?

ÈMI: Àwọn wo?

ÌRÀNLỌ́WỌ́: Ẹ ní "fúnra wọn." Àwọn mélòó ló ń lo àkáǹtì yìí?

ÈMI: Ẹnì kan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè pè wọ́n ní "ó."

ÌRÀNLỌ́WỌ́: A dúpẹ́ fún àlàyé yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àkáǹtì kan. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó tì í pa.

ÈMI: Ẹ má tì í! Ẹ jọ̀ọ́. Ó. Ó ni. Òun nìkan ni.

ÌRÀNLỌ́WỌ́: Ẹ ṣeun! Ṣé ohun mìíràn wà?

ÈMI: Ṣé èèyàn ni yín?

ÌRÀNLỌ́WỌ́: Inú wa dùn láti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ máa gbádùn ara yín!

14.

Mo pe ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀. Obìnrin kan gbé e.

"Gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà wà ní àlàáfíà, mà."

"Ṣé ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

"Ìwé tó wà níwájú mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Mo fẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ìwé ọ̀hún. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

15.

Mo dẹ pàkúté.

Nílé wa, àbúrò tó bá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé "níbo lo wà?", ìgbájú ni yóò gbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́hùn-ún, á bú mi. Inú òkun ló wà ni o, á bú mi dé ilé.

Mo kọ ọ́:

*Níbo lo wà?*

Kí n tó ṣẹ́jú, èsì dé:

*Mo wà dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́?*

16.

Kò bú mi.

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé iṣẹ́ wa. Àwọn tó wà níta rò pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí.

17.

Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rí jọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọkọ̀. Níbi tí mo ti ń wá a ni mo ti rí ibì kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè. Ẹ tẹ "Síwájú Sí I." Ẹ fà á wálẹ̀ títí tí kò fi ní ibi tí yóò lọ mọ́. Wọ́n kọ "Ti Yanjú" síbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tín.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ tí Ọwọ́ Kejì bá ti dáhùn sí, kí ó má bàa dà wá láàmú.

Ọwọ́ Kejì *tèmi*.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà gba gbogbo ara mi ni. Mi ò ṣí géèmù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ti ṣí i fún mi.

18.

AJÉ
Oga_Pako: iya asise o ti jeun?
Iya_Asise: Mo wà dáadáa. Ẹ ṣeun.

ÌṢẸ́GUN
Oga_Pako: lati igba wo lo ti n ki mi bi eni to n ka iwe. yanga
Iya_Asise: Ẹ kú iṣẹ́!

ỌJỌ́RÚ
Oga_Pako: ara mi o ya. mo ti dubule lati ojo meta. ma so fun mama
Iya_Asise: Inú mi dùn láti gbọ́!

ỌJỌ́BỌ̀
Oga_Pako: iwo ko leleyii. ta ni
Iya_Asise: Mo wà dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́?

ẸTÌ
Oga_Pako: e jowo eyin te n lo foonu aburo mi. nibo lo wa. se ko si nnkan
Iya_Asise: Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ti jẹun?

ÀBÁMẸ́TA
Oga_Pako: Mo wà dáadáa. Ẹ ṣeun.
Iya_Asise: Ẹ ṣeun!

Láti Àbámẹ́ta yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ní àmì.

19.

Mo fi ọ̀kan kún un:

"Ẹ" lè jẹ́: *àjèjì.*

Àjèjì là ń sọ "ẹ" fún. Ó rò pé ẹlòmíràn ló mú fóònù mi lọ́wọ́. Ó ń bẹ ẹni náà. Pẹ̀lú àìsàn lára, ó ń fi sùúrù bẹ ẹni tó rò pé ó ṣe àbúrò òun ní nǹkan.

20.

Èmi náà sì sọ "níbo lo wà?" fún un.

Ẹ̀rí wo ló tún ń wá pé èmi kọ́?

21.

Mo pa Ọwọ́ Kejì. Mo jáde, mo tún wọlé láti rí i pé ó kú.

Mo kọ ọ́: *Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.*

Mo wò ó kí n tó fi ránṣẹ́. Àmì pé. "Ẹ" wà níbi tó yẹ. Bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ìwà ọmọlúàbí tí Màmá fi tọ́ mi ni wọ́n jí lò.

Mo nu gbogbo àmì kúrò: *egbon mi emi ni. e joo e ma binu. se ara yin ti ya*

Èsì: *Inú mi dùn láti gbọ́!*

22.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Màmá jókòó tì mí.

MÀMÁ: Kí ló ń ṣe é?

ÈMI: Ta ni, mà?

MÀMÁ: Ọmọ mi. O ti ń wo fóònù yẹn láti àárọ̀ bí ẹni tó gba ìwé ilé ẹjọ́.

ÈMI: Kò sí nǹkan kan, mà. Wọ́n ní wọ́n wà dáadáa.

MÀMÁ: Gbé e wá. Èmi ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Kọ ohun tí mo bá sọ. Má tún un ṣe o.

ÈMI: Ẹ máa sọ ọ́, mà.

MÀMÁ: "Ìwọ ọmọ yìí. Ìyá rẹ ni. Báwo lara rẹ?"

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Èsì: *Mo wà dáadáa. Ẹ ṣeun.*

MÀMÁ: Kà á.

ÈMI: "Mo wà dáadáa. Ẹ ṣeun."

MÀMÁ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ó mọ̀ pé èmi ni. Ṣé kò yẹ kó sọ "ẹ" fún ìyá rẹ̀ ni?

23.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tọ̀nà. Bí ọmọ ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn náà nìyẹn.

Ó sọ fún mi pé kí n má sọ fún Màmá. Mi ò sì sọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

24.

MÀMÁ: Bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé.

*Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?*

25.

Kò sí èsì.

Láti ìgbà tí wọ́n ti tún géèmù yìí ṣe, èsì kì í pẹ́ tó báyìí. Ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ náà nínú èyí tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún, lórí ibùsùn, tó ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

26.

Ó ti lé ní wákàtí kan. Mo fẹ́ tún un kọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé "ẹ̀gbọ́n mi."

Màmá di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan o, kí ó má bàa rò pé ẹlòmíràn ni.