Píìnì Ẹ̀yìn Aṣọ

Ìyẹ̀fun ṣì wà lápá ìyá náà nígbà tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Láti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti pè é: ọmọbìnrin rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ó sáré wá, ẹ̀bẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan jókòó ti ìyá rẹ̀, ó na ìka tí wọ́n fi òwú dì sókè bí ẹni gboyè. Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, dúró sí kọ̀rọ̀, ó ká gúlútú bí ìgbín inú ìkarahun.

"Píìnì ló fi gún un," ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Kó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé."

"Kúnlẹ̀!" ìyá jágbe mọ́ ọn. "Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ní jàgídíjàgan?"

Ọmọ náà ò kúnlẹ̀.

"Màámi, mi ò gún un. Abẹ́ aṣọ mi ni mo fi píìnì há sí, lẹ́yìn, níbi tí okùn kọ́mú wà. Ojoojúmọ́ ló ń fà á, táá jọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè ta mí. Gbogbo kíláàsì ń pè mí ní Gìtá nítorí okùn yẹn. Mo sọ fún tíṣà, wọ́n ní kí n má bójú wẹ̀yìn."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Eré ọmọdé ni, ìyá wa," ni ọ̀gá wí.

Ẹ̀bẹ̀ gbẹ lẹ́nu ìyá náà.

"Eré? Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé píìnì ló fò jáde lábẹ́ aṣọ ọmọ mi lọ bá ìka níbi tó jókòó sí ni? Kí ni ìka yẹn ń wá níbẹ̀?"

Ìyá ọmọkùnrin náà, tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ọ̀hún látàárọ̀, jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni di ẹyin iná mú.

"Dá wọn lóhùn," ó sọ fọ́mọ rẹ̀. "Àbí ahọ́n rẹ náà ti gbọgbẹ́ ni?"

Ọmọkùnrin náà ń wolẹ̀.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi pẹ̀lẹ́tù yanjú rẹ̀. Ẹ rántí orúkọ ilé-ìwé wa."

"Ọmọ mi náà lórúkọ! Kì í sì í ṣe Gìtá!"

Ìyá ọmọbìnrin náà fa àga kan, ó fi ọmọ rẹ̀ jókòó sí i, ó dúró tì í.

"Ẹ pe tíṣà yẹn wá. À ń dúró."